Ọjọ́ kan ní Kawagoe: ṣé oúnjẹ la ó kọ́kọ́ wá ni, tàbí ilé àtijọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Jàpáàn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Tokyo, Sátidé kan ṣoṣo ni mo sì ní láti fi najú kí n tó padà sílé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yóò wà pẹ̀lú mi, àgbà obìnrin tí orúnkún ń dà láàmú. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí a lọ sí Kawagoe, ìlú kan nítòsí Tokyo, pé níbẹ̀ la ti lè rí bí Tokyo ṣe rí láyé àtijọ́, pé oúnjẹ sì pọ̀ níbẹ̀ lọ súà. Ẹlòmíràn ní kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé òpópónà kan tí wọ́n ti ń ta ìpápánu ni gbogbo rẹ̀, àti pé àwọn ilé ọ̀hún kò pẹ́ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ṣé kí a lọ? Bí a bá lọ, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí a jẹ, ṣé unagi, ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, sì tó owó tí wọ́n ń gbà lé e lórí?

* * *

Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ṣe ni pé wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á gba òpópónà Ichibangai lọ tààrà, wọ́n á ya fọ́tò ilé agogo, wọ́n á jẹ ìpápánu mẹ́ta mẹ́rin lórí ìdúró, tó bá sì fi máa di aago kan ọ̀sán, ikùn ti kún, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n, wọ́n á wá gba Tokyo padà pẹ̀lú ìròyìn pé Kawagoe kò ju òpópónà kan lọ. Irú wọn ló ń sọ fún yín pé kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Wọn kò dé Kita-in ni.

Tẹ́ḿpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ni Kita-in, láti ọdún 830 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1638, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tokugawa Iemitsu ló wà lórí oyè nígbà náà, ṣógùn kẹta nínú ìdílé ológun tó ń ṣàkóso Jàpáàn láti Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tú díẹ̀ palẹ̀ lára àwọn ilé inú ààfin òun, kí wọ́n kó pákó àti òpó rẹ̀ wá sí Kawagoe, kí wọ́n sì fi tún tẹ́ḿpìlì náà kọ́. Láti ìgbà náà wá, iná, ìmìtìtì ilẹ̀ àti ogun ti gbá àwọn ilé gbígbé inú ààfin Edo lọ ní Tokyo. Èyí tí wọ́n kó lọ sí Kawagoe ló ṣẹ́ kù. Yàrá tí ìtàn sọ pé wọ́n bí Iemitsu sí wà níbẹ̀, yàrá tí Kasuga no Tsubone, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ti máa ń múra náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ṣógùn gbé, kì í ṣe Tokyo ni yóò ti rí i.

Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ pákó ibẹ̀ dúdú, ó ń dán, ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ ẹ́ ti pọ̀ débi pé ó dà bí ohun tí wọ́n fi òróró ra; nígbà òtútù, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, nítorí òtútù rẹ̀ ń gun ènìyàn dé eegun. Bí ẹ bá dé yàrá Iemitsu, ẹ gbójú sókè wo àjà: wọ́n pín in sí igun kéékèèké, wọ́n sì ya òdòdó sínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jáde síta lọ wo ère òkúta àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà. Ère 538 ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn ní ọdún 1782, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 1825. Ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sétí ẹnìkejì rẹ̀. Inú ọgbà kékeré kan ni gbogbo wọn wà, ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní rìn jìnnà kó tó rí wọn tán.

Ní ti ọ̀nà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Tobu Tojo ní Ikebukuro. Èyí tó yára máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ti Seibu láti Shinjuku ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ibùdó Hon-Kawagoe tó ń já sí sún mọ́ àárín ìlú ju èyí tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń yí ìlú ká wà, ó ń dé Kita-in, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan sì wà fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ nítorí pé ìlú náà kéré. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé bí àwọn ilé Ichibangai kò bá jẹ́ ti ayé àwọn ṣógùn, ẹ̀tàn gbáà ni kí ìlú máa pe ara rẹ̀ ní Edo Kékeré. Àwọn mẹ́ta kan sì tẹ̀lé e, wọ́n ń gbè é lẹ́yìn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Ayé Edo, ìyẹn ayé àwọn ṣógùn, parí ní ọdún 1868. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé dúdú tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, ẹ̀yìn iná ńlá oṣù Kẹta ọdún 1893 ni wọ́n kọ́ wọn, iná tó jó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú náà. Nígbà tí èéfín lọ tán, àwọn oníṣòwò rí i pé àwọn ilé tó ní ògiri amọ̀ nínípọn ló dúró. Ilé ìdílé Osawa, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1792, wà lára wọn, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Wọn kò wá ilé tí àlejò yóò fi ya fọ́tò. Ẹ̀rù iná ló mú wọn kọ́lé bẹ́ẹ̀, owó ńlá ni wọ́n sì ná, nítorí ògiri amọ̀ báyìí, wọ́n ń rẹ́ ẹ ní ìpele ìpele ni, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gun orí rẹ̀.

Bí ẹ bá dúró síwájú ọ̀kan nínú wọn, ẹ má wo ọjà tí wọ́n pàtẹ sílẹ̀, ẹ wo fèrèsé òkè. Ìlẹ̀kùn fèrèsé náà nípọn bí ìlẹ̀kùn àpótí owó ní báǹkì, etí rẹ̀ sì gé bí àtẹ̀gùn, débi pé bí wọ́n bá pa méjèèjì dé, ìpele ti ọ̀tún á wọ inú ìpele ti òsì, iná kò ní rí àlàfo tí yóò gbà wọlé. Ohun tí a ń wò nìyẹn: ìlú tó jóná, tó sì kọ́ ọgbọ́n lára iná. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ńlá Edo ń kọ́, àmọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 àti bọ́ǹbù ọdún 1945 kò jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ kù tó nǹkan ní Tokyo. Ọ̀nà ìkọ́lé náà ti pẹ́ ju ògiri tí ẹ ń fọwọ́ kàn lọ, àwọn ará ìlú kò sì fi ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan pa mọ́. Ní ọdún 1999 ni ìjọba Jàpáàn fi àdúgbò náà sábẹ́ ìdáàbòbò. Ibo ni ẹ̀tàn wà nínú ìyẹn?

Ilé agogo náà nìyẹn, Toki no Kane. Láyé àtijọ́ ni olúwa ìlú kan ti kọ́kọ́ kọ́ irú rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó dúró báyìí, ọdún tó tẹ̀lé iná ni wọ́n gbé e ró, ó sì ga tó nǹkan bí mítà 16. Ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló ń dún: aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán, mẹ́ta ọ̀sán, àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ló ń lù ú báyìí. Ó dára láti gbọ́ ọ, kò sì yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ to ọjọ́ yín.

* * *

Ìjà tó le jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti ọ̀dùnkún ni. Apá kan ní kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wọ bàálù dé Jàpáàn kó tún wá máa fi owó ra ọ̀dùnkún, ohun tí a ń rí rà lójú títì nílé. Apá kejì ní àwọn jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí àkàrà, gẹ́gẹ́ bí áísìkirímù, gẹ́gẹ́ bí bíà pàápàá, pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Lójú tèmi, àwọn àkọ́kọ́ kò tọ́ ọ wò, àwọn kejì kò ṣa èyí tí wọ́n jẹ.

Kì í ṣe nítorí àlejò ni ọ̀dùnkún ṣe wà ní Kawagoe. Ọdún 1751 ni wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ wá sí àgbègbè náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá; eérú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e. Ní abúlé Santome, ní gúúsù ìlú náà, láti bí ọdún 1690 lé díẹ̀ ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tó jẹ́ pé ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan wà níwájú, oko tẹ̀lé e, igbó sì wà lẹ́yìn oko. Nígbà òtútù, wọ́n á gbá ewé tó wọ́ sílẹ̀ nínú igbó jọ, wọ́n á jẹ́ kó jẹrà di ajílẹ̀, wọ́n á sì dà á sí oko. Wọ́n ṣì ń ṣe é. Ní ọdún 2023, FAO, ẹ̀ka oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí mọ́ ogún tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Ọ̀dùnkún tó ti inú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé gba odò Shingashi lọ sí Edo, níbi tí àwọn mẹ̀kúnnù ti ń ra á ní yíyan, nítorí ó dùn, ṣúgà sì wọ́n. Oúnjẹ tí àwọn ilé Ichibangai fi là nìyẹn, òun àti ìrẹsì àti aṣọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè bóyá oúnjẹ ni kí òun wá tàbí ilé, ohun kan náà ló ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Èwo ni kí ẹ jẹ? Ẹ jẹ imo koi. Wọ́n á gé ọ̀dùnkún ní róbótó tó nípọn, wọ́n á fi ẹ̀wà pupa tí wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà lé e, wọ́n á fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti iṣu ilẹ̀ wọn wé e, wọ́n á wá fi ooru omi sè é bí ìgbà tí a bá ń se mọ́ínmọ́ín. Ẹ gbà á ní gbígbóná. Bí ẹ bá bù ú sí méjì, ara ìta á máa fà, ọ̀dùnkún inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin, èéfín á sì yọ láàárín wọn. Adùn ẹ̀wà kò pa adùn ọ̀dùnkún. Bó bá ti tutù, kò yàtọ̀ sí rọ́bà mọ́.

Àwọn tó ń dín in ní pẹlẹbẹ gígùn, tí wọ́n ń to ó lóòró sínú kọ́ọ̀bù, dára fún ẹni tí ebi ń pa. Ní ti áísìkirímù aláwọ̀ àlùkò tó kún orí fóònù gbogbo ènìyàn, ẹ rántí pé ọ̀dùnkún tí Kawagoe fi lókìkí, èèpo rẹ̀ ló pupa, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irú mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe aláwọ̀ àlùkò. Fọ́tò ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ ra ẹyọ kan fún ẹ̀gbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí jíjẹun lójú ọ̀nà. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni ní Jàpáàn, àwọn kan ní kò sí ẹni tó kà á sí. Ó wà láàárín méjèèjì. Àwọn àgbàlagbà ka jíjẹun lórí ìrìn sí ìwà àìmọ̀kan, àmọ́ Kawagoe ń ta oúnjẹ àjẹrìn, wọn kò lè bínú sí ẹni tó rà á. Ohun tó bójú mu ni kí ẹ dúró síwájú ilé ìtajà tí ẹ ti rà á, kí ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, kí ẹ dá igi àti bébà rẹ̀ padà fún wọn, nítorí ẹ kò ní rí garawa ìdọ̀tí lójú títì. Ẹ mú ọ̀rá kan dání. Èyí tó kàn mí jù ni mọ́tò: Ichibangai kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba àárín rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì sì tóóró. Mo ti rí ẹni tó fẹ̀yìn rìn bọ́ sí títì nítorí pé ó fẹ́ kí ilé agogo gba inú fọ́tò.

* * *

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò lè jẹ ẹja tó dà bí ejò, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún yen jẹ oúnjẹ ọ̀sán kan.

Kawagoe jìnnà sí òkun, odò ló yí i ká, inú odò ni wọ́n sì ti ń rí ẹran jẹ láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé unagi fi wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta á láti àwọn ọdún 1800 wá. Ní apá ibẹ̀, ẹ̀yìn ẹja náà ni wọ́n ń là, kì í ṣe ikùn. Wọ́n á yọ eegun rẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á fi ooru omi sè é kí ọ̀rá rẹ̀ lè yọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa tì í bọ inú omi sóyà tó dùn, wọ́n á tún yan án lórí èédú, kí wọ́n tó gbé e lé ìrẹsì nínú àpótí kékeré tí wọ́n kùn dúdú. Ata wẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní sansho. Ẹ wọ́n díẹ̀ sí i, ó ń ta ahọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń gé ọ̀rá. Ẹni tó bá pa ojú dé jẹ ẹ́ kò ní rántí ejò rárá, nítorí ó rọ̀ ju ẹja àrọ̀ lọ, kò sì ní eegun tó ń dá ni dúró.

Ṣé ó tó owó rẹ̀? Ó tó o fún ẹni tó bá ní àyè láti jókòó. Kò tó o fún ẹni tó ti jẹ ìpápánu yó kó tó wọlé. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé kí a tọ́ gbogbo nǹkan wò díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi unagi parí rẹ̀. Èmi rò pé ọ̀nà tó yá jù láti fi owó ṣòfò ní Kawagoe nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ dé ilé oúnjẹ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, nítorí ìlà ọjọ́ Sátidé gùn, sísè rẹ̀ sì ń pẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, kò sí ohun tí ẹ pàdánù. Abọ́ udon gbígbóná kan, nudù nínípọn ti Jàpáàn, yóò tó yín. Ẹnìkan sì rán wa létí pé láti ọdún 2014 ni IUCN, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, ti ka unagi Jàpáàn mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Òótọ́ ni, kódà èyí tí wọ́n ń sìn lódò ẹja, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n kó nínú omi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá dí lọ́wọ́, n kò ní bá a jiyàn.

* * *

Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí kìmónò báyìí. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n má wọ aṣọ àṣà ẹlòmíràn, àwọn kan ní ó máa fún wọn lọ́rùn. Kò sí ará Kawagoe tí yóò bínú. Ilé tí wọ́n ti ń yá a pọ̀, àwọn ará Jàpáàn tó wá láti Tokyo pàápàá ló ń yá a. Ẹ jẹ́ kí obìnrin tó ń wọ̀ ọ́ fún yín ṣe iṣẹ́ rẹ̀: apá òsì ló gbọ́dọ̀ borí apá ọ̀tún, òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní ìdàkejì. Orúnkún ni mo ń rò. Ìṣísẹ̀ inú kìmónò kúrú, bàtà rẹ̀ sì le, ẹ ó sì tún bọ́ ọ ní Kita-in. Bí ẹ̀gbọ́n bá ta kú, kí wọ́n yá a lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, fún wákàtí méjì lórí Ichibangai, kí wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n lè wọ bàtà tiwọn sí i.

* * *

Ìbéèrè tó kù: báwo ni kí ẹ to ọjọ́ náà?

Kita-in ní òwúrọ̀, kí èrò tó dé. Oúnjẹ ọ̀sán ní ìjókòó, kí aago méjìlá tó lù. Lẹ́yìn náà ni Ichibangai, ẹ wo fèrèsé, ẹ jẹ imo koi kan, kì í ṣe márùn-ún. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà, bọ́ọ̀sì yóò gbé yín dé ojúbọ Hikawa, níbi tí àwọn tó ń wá ọkọ àti aya ti ń gbàdúrà. Ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀pá ìpẹja kékeré fa ẹja bébà jáde, bébà tí wọ́n kọ kádàrá wọn sí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni kan ní kí ẹ fi Hikawa ṣáájú ohun gbogbo. Ó yé mi fún ẹni tí kò tíì gbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń tì ní nǹkan bí aago márùn-ún, nítorí náà ẹ má retí ọjà alẹ́.

Bí Sátidé yín bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹwàá, ẹ ju gbogbo ètò yìí nù. Ọdún Kawagoe nìyẹn, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1648. Kẹ̀kẹ́ gogoro tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ á máa pàdé ara wọn lójú títì lálẹ́, àwọn onílù àti afunfèrè orí ọ̀kan á máa gbìyànjú láti bo ohùn ti èkejì mọ́lẹ̀. Àjọ UNESCO ti kà á mọ́ ogún àṣà tí kò ṣe é fọwọ́ kàn ní ọdún 2016, pẹ̀lú àwọn ọdún mìíràn bíi rẹ̀ ní Jàpáàn. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kò ṣe é mú orúnkún tó ń dùn wọ̀.

Ẹ mú owó yen sínú àpò. Àwọn ilé ìtajà kéékèèké kan kì í gba káàdì. Ohun tí ẹ ó kó lọ sílé fún àwọn ọmọ, ẹ rà á ní Kashiya Yokocho, ọ̀nà tóóró àwọn aládídùn, tó gbilẹ̀ nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 ba iṣẹ́ àwọn aládídùn Tokyo jẹ́, tí Kawagoe sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fugashi, àlìkámà tí wọ́n fi ṣúgà dúdú bò, tó gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Kò ní wọ inú àpótí ìrìn-àjò, yóò sì fọ́ bí ẹ bá fi agídí tì í. Èyí tó kúrú tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ni kí ẹ rà.